Awọ Tí A Kò Lè Yá

  

A máa ń yá ara wa ní àdá, a máa ń yá ara wa ní owó. Bí iná bá jó ènìyàn tí awọ rẹ̀ bó, kí ló dé tí a kò lè yá a ní awọ? Ọkùnrin kan wà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Peter Medawar ni orúkọ rẹ̀.

Ọdún 1915 ni wọ́n bí i ní ilẹ̀ Brazil, níbi tí àwọn baba ńlá àwọn Àgùdà Àjàṣẹ́ ti padà wá. Ará Lẹ́bánọ́nì ni bàbá rẹ̀, ará Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀. Ní Oxford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹranko. Kì í ṣe dókítà oníṣẹ́ abẹ.

Ní 1940, nígbà ogun, bàálù kan já lulẹ̀ nítòsí ilé rẹ̀, iná sì jó ọmọ ogun inú rẹ̀ gidigidi. Àwọn dókítà ní kí Medawar wá bá wọn wò ó. Wọ́n mọ bí a ṣe ń bó awọ díẹ̀ níbòmíràn lára aláìsàn, kí a fi lẹ ojú egbò rẹ̀. Èyí máa ń mú. Ṣùgbọ́n bí iná bá jó ibi púpọ̀, awọ tó kù kì í tó. Bí wọ́n bá sì lo ti ẹlòmíràn, kì í pẹ́ kó tó kú, kó sì ṣí kúrò.

Medawar lọ sí ilé ìwòsàn ní Glasgow, òun àti dókítà Thomas Gibson. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí iná jó. Wọ́n lẹ awọ òun fúnra rẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì lẹ ti arákùnrin rẹ̀ mọ́ ọn. Tirẹ̀ mú. Ti arákùnrin rẹ̀ wà fún ọjọ́ díẹ̀, ó kú. Wọ́n tún lẹ ti arákùnrin náà lẹ́ẹ̀kejì. Kíákíá ni èyí kú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ gbọ́ ohun tí èyí fi hàn. Bí olè bá kọ́kọ́ wọ abúlé, ó lè pẹ́ kí àwọn ọdẹ tó mọ̀ ọ́n. Bó bá padà wá, wọn kì í jẹ́ kó rìn jìnnà. Bẹ́ẹ̀ ni ara wa rí. Ó ní àwọn ọmọ ogun tí ń ṣọ́ ọ, wọ́n ń dá àlejò mọ̀, wọn kì í sì í gbàgbé. Medawar àti Gibson tẹ ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 1943.

Lẹ́yìn náà, ó kan àwọn ìbejì màlúù. Medawar àti Billingham gba awọ lára ọ̀kan lẹ ìkejì. Wọ́n rò pé yóò kú, àfi lára àwọn tó jọra pátápátá. Ó mú lára fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wọn, títí kan akọ àti abo! Kí ló fà á? Ará Amẹ́ríkà kan, Owen, ti fi hàn ní 1945 pé ẹ̀jẹ̀ ìbejì màlúù máa ń dà pọ̀ nínú ìyá wọn. Ara wọn ti mọ ara wọn kí wọ́n tó bí wọn.

Ní 1953, Medawar, Billingham àti Brent ṣe é fún eku. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún ọmọ eku tó ṣì wà nínú ìyá rẹ̀, wọ́n fi nǹkan ara eku irú mìíràn sí i. Nígbà tó dàgbà, ó gba awọ irú eku yẹn, ó sì kọ ti àwọn irú yòókù. Nítorí iṣẹ́ yìí, Medawar àti Burnet ará Australia gba ẹ̀bùn Nobel ní 1960. Medawar pín nínú owó tirẹ̀ fún Billingham àti Brent.

A kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà rí i pé ọ̀nà wà. Ní 1954, ní Boston, wọ́n ti gba kíndìnrín ìbejì kan fún ìkejì rẹ̀ tí wọ́n jọra pátápátá, ó sì ṣiṣẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n rí oògùn tí ń pẹ̀tù sí àwọn ọmọ ogun ara. Títí dòní, ojoojúmọ́ ni ọ̀pọ̀ ẹni tó gba kíndìnrín ẹlòmíràn ń lò ó. Bó bá dáwọ́ dúró, ara lè kọ kíndìnrín náà.

Ní 1969, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Medawar. Kò tìtorí rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ń ṣe ìwádìí, ó ń kọ ìwé, títí ó fi kú ní 1987.

Ẹ̀yin ará, awọ ara ẹni kò láàrọ̀. Ẹ gbé epo bẹntiróòlù jìnnà sí ààrò àti àtùpà. Bí iná bá jó ọmọ, ẹ da omi tútù tó mọ́ sí i fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má fi epo pupa sí i, ẹ má fi ẹrẹ̀ sí i. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì, ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí sínú ìwé yín: awọ, ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín.