Oníbodè Iná Kékeré
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ ìlú níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa

Àwa tí ẹgbẹ́ fi ṣe alábòójútó àwọn ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní àkókò ìsinmi ni a dìde láti bá yín sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kéré bí iná tí a ó sọ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹjọ́ kan wà nínú rẹ̀ tí kò yẹ kí a gbé pamọ́.

Ní ìsinmi tí ó kọjá, àwọn ọmọ wa fi páálí, mọ́tò kékeré méjì àti táyà méjì ṣe ẹ̀rọ tí ń dá rìn, èyí tí a ń pè ní róbọ́ọ̀tì. Wọ́n fẹ́ kí ó ní ojú tí ń tàn. A ra iná kéékèèké funfun tí a ń pè ní LED, a sì yan ọmọkùnrin kan láti so wọ́n mọ́ bátìrì. Bátìrì mẹ́rin ni, fóltì 1.5 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ fóltì 6. Ọmọ náà so èkíní. Ó tàn wàà bí ìgbà tí mànàmáná bá kọ, ó sì kú. A ní kí ó so òmíràn. Bákan náà ni ó rí. Kí oòrùn tó wọ̀, iná mẹ́fà ti jó.

Kí ni àwa àgbà ṣe? A bá ọmọ náà wí lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. A ní ọwọ́ rẹ̀ kò balẹ̀. Ó sunkún lọ sílé, kò sì wá ní ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà a kọjú sí ọkùnrin tí ó tà wá ní iná náà lọ́jà, ẹni tí ń tún rédíò ṣe, a ní ayédèrú ni ó tà fún wa. Ọkùnrin náà kò bínú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi wá: “Ẹ̀yin tíṣà, ẹ má bínú o, rẹsítọ̀ wo ni ẹ fi sí i?” A wo ara wa lójú. A kò fi ọ̀kankan sí i. Àwọn baba wa ní agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwa kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni kí a tó dá a.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àlàyé ohun tí ọkùnrin náà kọ́ wa, kí ọmọ mìíràn má bàa jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀. Gílóòbù àtijọ́ ní fọ́nrán tín-ínrín nínú, fọ́nrán náà fúnra rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí iná pọ̀ jù. LED kò rí bẹ́ẹ̀. Bí fóltì kò bá tó ìwọ̀n tí ó fẹ́, iná kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá lára rẹ̀ rárá; ṣùgbọ́n bí ó bá ti tó, tí a sì fi díẹ̀ kún un, iná á ya wọlé lọ́pọ̀lọpọ̀ títí yóò fi jó o. Ó dà bí ẹnubodè ìlú tí a ṣí sílẹ̀ tí kò ní oníbodè. Rẹsítọ̀ ni oníbodè náà. Òun ni ó ń ka iye tí yóò wọlé.

Báwo ni a ṣe ń mọ oníbodè tí ó yẹ? Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Georg Ohm, ti fi ìlànà rẹ̀ hàn láti ọdún 1827, ìṣirò náà kò sì ju ti ọmọ ilé ìwé lọ. LED funfun máa ń gba nǹkan bíi fóltì 3.2. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú fóltì 6 ti bátìrì, yóò ku 2.8. Iná tí ó yẹ kí ó kọjá lára rẹ̀ jẹ́ mílíáńpù 20, èyí ni áńpù 0.02. Ẹ fi 0.02 pín 2.8, ẹ ó rí óòmù 140. Nínú irú tí ó wọ́pọ̀ lọ́jà, èyí tí ó sún mọ́ ọn láti òkè ni 150, òun ni kí a rà. Ìlà ara rẹ̀ ni búráwùn, àwọ̀ ewé, búráwùn. Ní ti LED pupa, nǹkan bíi fóltì 2 ni ó ń gbà. Yóò ku 4, ìṣirò rẹ̀ yóò sì jẹ́ óòmù 200. A ó ra 220, tí ìlà rẹ̀ jẹ́ pupa, pupa, búráwùn. Rẹsítọ̀ ìdá mẹ́rin wáàtì tó fún méjèèjì.

LED ní ẹsẹ̀ méjì: èyí tí ó gùn ni a ń so mọ́ ìhà àròpọ̀ bátìrì, èyí tí ó kúrú mọ́ ìhà àyọkúrò. Bí a bá gbé e sódì, kò ní tàn.

Kí olúkúlùkù LED sì ní rẹsítọ̀ tirẹ̀. A fẹ́ ṣọ́wó ná, a so ojú funfun àti iná ẹ̀yìn tí ó pupa mọ́ rẹsítọ̀ kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Pupa nìkan ni ó tàn, nítorí fóltì díẹ̀ ni ó ń béèrè, ó sì gba gbogbo iná mọ́ ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́. Bí a bá sì to funfun méjì tẹ̀lé ara wọn, fóltì 6.4 ni wọn yóò béèrè lọ́wọ́ bátìrì tí kò ní ju 6 lọ.

LED ńlá ti wáàtì 1 ní òfin tirẹ̀. Ó lè gba nǹkan bíi mílíáńpù 350, kí a má ṣe so ó mọ́ ẹsẹ̀ kọ̀ǹpútà kékeré tí ń darí róbọ́ọ̀tì, nítorí ti Arduino Uno, fún àpẹẹrẹ, kò gbọdọ̀ kọjá 40 láéláé. Tiransísítọ̀ ni yóò gba iṣẹ́ náà ṣe. Kí ọmọdé má ṣe tẹjú mọ́ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe gbé irú ìdánwò yìí dé ibi iná ilé, nítorí èyíinì ń pani.

Kí a má fojú kéré iná yìí. Nick Holonyak ni ó ṣe LED pupa tí ojú lè rí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1962. Ní ọdún 2014 ni a fún àwọn ọmọ Japan mẹ́ta, Akasaki, Amano àti Nakamura, ní ẹ̀bùn Nobel nítorí LED búlúù, tí ó mú kí a rí èyí funfun tí ó wà nínú tọ́ọ̀ṣì wa lónìí.

A ti lọ bẹ ọkùnrin ọlọ́jà náà, ó sì ti gbà. A lọ sí ilé ọmọ náà, a bẹ òun àti àwọn òbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé gbangba ni a ti bá a wí, ó yẹ kí a bẹ̀ ẹ́ ní gbangba pẹ̀lú. Ọmọ wa, ọwọ́ rẹ kò ní àbùkù. Àwa ni a rán ọ ní iṣẹ́ tí àwa fúnra wa kò tíì kọ́. Róbọ́ọ̀tì tí ẹ ń wò lórí tábìlì yìí, òun ni ó so ojú rẹ̀, ó sì ń tàn.

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa lẹ́yìn odi, ohun tí a ń tọrọ kò pọ̀: mítà kan tí a fi ń wọn fóltì àti óòmù, àti àpò rẹsítọ̀ kan tí ó ní oríṣiríṣi ìwọ̀n. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wá. Bí nǹkan bá sì jó lọ́wọ́ wọn, kí a kọ́kọ́ béèrè ohun tí a kò fi sí i kí a tó bá wọn wí.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìlú wa máa tàn síwájú.