Kọ̀ǹpútà Tó Ń Wọ́, Owó Tí Kò Pọ̀: Kí Ni Ká Kọ́kọ́ Rà?

Ìlárá ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Imẹ̀kọ-Afọ̀n, ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí ààlà Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Benin ti pín ìlú kan ṣoṣo sí méjì. Ọ̀rọ̀ tòní rèé: kọ̀ǹpútà orí tábìlì yín ń wọ́ bí ìgbín, owó ọwọ́ yín kò sì tó ra tuntun. Kí ni kí ẹ kọ́kọ́ rà?

Èsì mi ni pé kí ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó ń fà á sẹ́yìn. Ẹni tó bá wọ ọjà láìmọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ rẹ̀, ohun tí ọlọ́jà fẹ́ tà ló máa rà.

Bí Windows bá wà lórí ẹ̀rọ náà, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀. Task Manager á jáde. Ẹ lọ sí Performance, kí ẹ wá ṣí gbogbo ohun tí ẹ máa ń lò lójoojúmọ́. Ẹ wo nǹkan mẹ́ta: CPU, Memory àti Disk. Bí Disk bá dúró sí 100% nígbà tí CPU ṣì wà nílẹ̀, processor yín kò jẹ̀bi. Háàdì dísìkì ló ń dá àwọn yòókù dúró. Bí Memory ló bá kún, RAM ló kéré. Bí CPU nìkan ló bá wà lókè ṣáá, ẹ wò ó bóyá ooru, eruku tàbí fáírọ́ọ̀sì ló ń dà á láàmú.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rọ kan ṣàpẹẹrẹ. Àǹtí mi kan ní ṣọ́ọ̀bù níbí. Wọ́n ń bá èèyàn tẹ ìwé, wọ́n ń tẹ èsì WAEC jáde, àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe JAMB sì máa ń wá fi kọ̀ǹpútà dánra wò níbẹ̀. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni wọ́n ní: Dell OptiPlex 7010, tòkunbọ̀, Core i3 ìran kẹta, RAM 4GB, háàdì dísìkì 500GB. Ẹ lè tan ẹ̀rọ náà kí ẹ lọ ra búrẹ́dì, kó má tíì tàn tán kí ẹ tó dé. Àwọn oníbàárà ti ń gun ọ̀kadà lọ sí Imẹ̀kọ. Owó àjọ Àǹtí ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n sì fẹ́ fi san àsansílẹ̀ lórí laptop, kí wọ́n máa san ìyókù lóṣooṣù. Inú àjọ yẹn kan náà ni owó iléèwé ọmọ wọn wà.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọjọ́ méjì pẹ̀lú ẹ̀rọ yìí ná."

Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, bí o bá tú u tán tí kò tàn mọ́ ńkọ́? Kí ni mo fẹ́ máa jẹ?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ìdí rèé tí mo fi kọ́kọ́ da gbogbo fáìlì wọn kọ sórí háàdì dísìkì mìíràn kí n tó fọwọ́ kan ìdè kankan. Ẹ̀yin náà, ẹ má ṣe fo ibẹ̀ yẹn.

Lẹ́yìn náà ni mo wo Task Manager: Disk 100%, Memory fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, CPU ń sinmi. Ọ̀rọ̀ ti yé wa.

Ohun tí kò gba owó ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Eruku pupa ilẹ̀ wa, pàápàá lásìkò ọyẹ́, a máa dí ojú atẹ́gùn CPU, ìyẹn àpótí ẹ̀rọ náà, pa. Ẹ yọ wáyà iná, ẹ tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń tàn án mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí iná tó ṣẹ́kù lè jáde, kí ẹ sì fọwọ́ kan irin ara àpótí náà kí iná ara yín má ba nǹkan jẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tuntun tó gbẹ dáadáa tó fún eruku. Ẹ fi ìka di fáànù mú kó má yí bí ẹ bá ń gbá a. Ẹ yọ RAM, kí ẹ fi írésà pa etí rẹ̀ tó ń dán bíi góòlù. Bí ẹ bá tú fáànù orí processor, ẹ nu thermal paste àtijọ́ kúrò, kí ẹ fi tuntun sí i.

Bátìrì kékeré kan tún wà lórí motherboard, CR2032, tó rí rogodo bíi kọ́ìnì. Bí aago kọ̀ǹpútà yín bá ń padà sí ọdún àtijọ́ ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ, bátìrì yẹn ló ti kú. Déètì tí kò tọ́ a sì máa jẹ́ kí Chrome kọ̀ láti ṣí ojúlé, kó máa pariwo pé kò sí ààbò. Owó táṣẹ́rẹ́ ni bátìrì náà.

Nígbà náà la tó ná owó. SSD 240GB la kọ́kọ́ rà. Nínú háàdì dísìkì, àwo kan ń yí ní ìgbà 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan, apá kékeré kan sì ń sáré wá ohun tí ẹ béèrè. SSD kò ní ohun tó ń yí, ìdí nìyẹn tó fi yára. Ẹ ra irú SATA tó bá wáyà inú ẹ̀rọ yín mu. Ẹ má ra NVMe bí motherboard yín kò bá ní ojú ihò rẹ̀. Háàdì dísìkì àtijọ́, bó bá ṣì lágbára, á di àpò ìkó-fáìlì-sí.

RAM 4GB mìíràn ló tẹ̀ lé e, ó di 8GB. DDR3 ni OptiPlex yìí ń lò, DDR4 kò ní wọ ojú ihò rẹ̀ láé, RAM laptop náà kò sì ní bá a mu. Láti ìparí 2025 ni owó RAM tuntun ti gbówó lórí káàkiri àgbáyé, torí pé àwọn ilé-iṣẹ́ AI ń gbá a jọ. Tòkunbọ̀ la rà.

Oníṣòwò kan ní ká ra Core i7. Lóòótọ́, ó máa wọ ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n processor tó ń sinmi, kí la fẹ́ fi èyí tó lágbára jù ú lọ ṣe? Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Ó ku Windows. Microsoft ṣíwọ́ ìtọ́jú Windows 10 ní October 14, 2025. Windows 11 ń béèrè TPM 2.0, bó bá sì jẹ́ Intel, láti ìran kẹjọ lọ sókè ni wọ́n sábà máa ń gbà. Ìran kẹta kò sí níbẹ̀. Bí a ò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ: Linux Mint la fi sí i, ọ̀fẹ́ ni. Orí flash la ti kọ́kọ́ tan án wò, a dán ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wò, a ṣí fáìlì Word àwọn oníbàárà nínú LibreOffice, kó tó di pé a gbé e wọ SSD. Ìlà ìwé lè yẹ̀ díẹ̀, ẹ wò ó kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí iṣẹ́ yín bá nílò ètò tó jẹ́ pé orí Windows nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ẹ rò ó dáadáa.

Ní báyìí, kò tó ìṣẹ́jú kan tí ẹ̀rọ Àǹtí fi ń tàn. Ohun tí a ná kò tó ìdámẹ́rin owó àjọ náà, wọ́n sì ti san owó iléèwé ọmọ wọn.

Ìkìlọ̀ díẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀. Èyí tó gba Kútọnu wá lè ní kíbọ́ọ̀dù Faransé: A wà níbi tí Q yẹ kó wà, Z wà níbi tí W yẹ kó wà. Ẹ lè yí èyí padà nínú Settings, ṣùgbọ́n lẹ́tà ojú rẹ̀ kò ní yí. Orí wáyà iná rẹ̀ náà yàtọ̀ sí tiwa, wáyà nìkan ni kí ẹ pààrọ̀. Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: bí bọ́tìnnì pupa kan bá wà níbẹ̀ tó wà lórí 115, ẹ tì í sí 230 kí ẹ tó fi iná sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè jóná. Bó sì jẹ́ Otigba ní Ìkẹjà lẹ ti ra SSD tòkunbọ̀, ẹ ní kí wọ́n fi CrystalDiskInfo wo ìlera rẹ̀ lójú yín kí ẹ tó sanwó.

Ó tán lẹ́nu mi. Lálẹ́ òní, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc, kí ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́ta yẹn sílẹ̀. Ẹ mú ìwé náà dání lọ sọ́jà. Bí ọlọ́jà bá ń sọ ohun mìíràn fún yín, ẹ wo ìwé yín. Ó dìgbà kan ná o.