Ọwọ́ Tí Àjàyí Gbé Sókè

 

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìrẹ̀lẹ̀, ìrètí àti àánú nínú ìgbé ayé onígbàgbọ́. A ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lórí àga ìwàásù títí, nítorí náà n kò ní wàásù. Ìtàn ni iṣẹ́ mi, ìtàn ẹnì kan ṣoṣo ni mo sì gbé wá: Àjàyí ọmọ Òṣogùn, tí ayé mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ẹ ó ní ẹ ti mọ̀ ọ́n, pé òun ni ó ṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì tí a ń kà lọ́jọ́ ìsinmi. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ rẹ̀ hàn yín ní ọjọ́ kan tí kò mú ìwé dání.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, àwọn ìyá ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ogun wọ Òṣogùn. Àjàyí kò ju bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ. Ní Ìsẹ́yìn, wọ́n ya òun àti ìyá rẹ̀. Wọ́n fi í ṣe pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tí ẹṣin náà kò tẹ́ni lọ́rùn, wọ́n dá a padà. Wọ́n ń tà á, wọ́n ń rà á, títí ẹ̀rù fi bà á pé ọwọ́ Òyìnbó ni òun máa bọ́ sí. Lóru, ó fi ọ̀já ara rẹ̀ so ara rẹ̀ lọ́rùn, ṣùgbọ́n kò ní ìgboyà láti fà á le. Ọmọdé ni mo ń sọ o.

Èkó ni wọ́n ti kó o wọ ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dá ọkọ̀ ẹrú náà dúró. Àwọn ọmọ náà kò mọ̀ pé ìdáǹdè ló dé. Nígbà tí wọ́n gbé Àjàyí àti àwọn ọmọkùnrin mélòó kan sínú ọkọ̀ tí à ń pè ní Myrmidon, wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n gbé kọ́, awọ rẹ̀ funfun, nítorí wọn kò sun ún lórí iná bí a ti ń ṣe nílé wa. Wọ́n rí ọta àgbá tí wọ́n tò sílẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Wọ́n rò pé ẹran ara àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni ó wà lókè, pé orí wọn ni wọ́n tò sílẹ̀ yìí. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí ara wọn tó balẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú Potogí tí ó rà á wọ ọkọ̀ kan náà, òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Àjàyí wò ó, ó rí i pé ọwọ́ ọkùnrin náà kò lè tẹ òun mọ́ láéláé. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó gbá a lórí. Ọmọ olówó rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wò ó.

Ta ni nínú wa tí yóò dá a lẹ́bi? Èmi kò jẹ́ dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1837, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn rẹ̀, tí Àjàyí ti di Kristẹni àti olùkọ́ ní Sàró, ìyẹn Sierra Leone, ó kọ lẹ́tà gígùn sí alùfáà William Jowett ti ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS nípa bí wọ́n ṣe mú un lẹ́rú. Ó ròyìn gbígbá náà níbẹ̀. Ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé ìwà ibi ni, pé kò ní àánú nínú. Bí kò bá kọ ọ́, ta ni ìbá mọ̀? Ẹni tí wọ́n rà bí ewúrẹ́ lọ́jà ń ronú lórí ìrora ẹni tí ó rà á.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ìrẹ̀lẹ̀ àti àánú tí wọ́n ní kí n wá sọ. Ní ilẹ̀ wa, a máa ń fi ìdọ̀bálẹ̀ díwọ̀n ìrẹ̀lẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ti ní ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe ìwà. Mo mọ ẹni tí ó ń kúnlẹ̀ fún alùfáà tí orúnkún rẹ̀ fi ń kan ilẹ̀, tí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ń gbọ̀n bí ó bá gbọ́ ohùn ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́nu géètì. Ọ̀dọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ yẹn ni kí a ti lọ béèrè ìgbàgbọ́ rẹ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ alùfáà.

Ìrètí ńkọ́? Ní ọdún 1846, Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dé Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ, wọ́n mú obìnrin kan tí ó ti rù wá bá a. Ìyá rẹ̀ ni, Àfàlà. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n! Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, ẹnikẹ́ni kò lè sọ̀rọ̀. Ìyá ń gbọ̀n, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní àwọn orúkọ tí ìyá àgbà rẹ̀ máa ń pè é nígbà tí ó wà ní kékeré. Ní oṣù Kejì ọdún 1848, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún Àfàlà, wọ́n sọ ọ́ ní Hánà, ìyá Sámúẹ́lì.

Crowther sọ pé òun kò fi ọgbọ́n kankan wá ìpàdé yẹn. Mo fẹ́ kí ẹ dúró síbi ọ̀rọ̀ yìí. Lóde òní, a ti so ọjọ́ mọ́ ìrètí: kí oṣù yìí tó parí, kí ọdún yìí tó yí. Bí oṣù bá wá parí tí ohun náà kò dé, ọmọ ìjọ á máa bi ara rẹ̀ léèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí òun ṣẹ̀. Ìwà ìkà ni sí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Crowther kò dá ọjọ́ fún Ọlọ́run. Ó ń kọ́ni, ó ń kọ̀wé, ó ń rìn lọ síbi tí wọ́n rán an.

Ẹ tún wo àánú rẹ̀: àwọn Mùsùlùmí wà nínú ogun tí ó kó Òṣogùn. Síbẹ̀ ní ọdún 1872, ó jókòó níwájú Ẹ́míà Ìlọrin, wọ́n ń bi í ní ìbéèrè, ó ń fi ọ̀rọ̀ inú Bíbélì dá wọn lóhùn. Kò bú ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan tí ó dùn mí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864, wọ́n fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù nínú ilé ìsìn àgbà ní Canterbury, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí Ìjọ Áńgílíkà fi sípò náà. Ní ọdún 1890, nígbà tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì jókòó ìgbìmọ̀ lé e lórí ní Oníṣà, wọ́n dá àwọn alùfáà rẹ̀ dúró lójú rẹ̀. N kò sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ní àbùkù. Àwọn mìíràn ní. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ń sọ̀rọ̀ ìwà mímọ́ ní gbogbo ìgbà, wọ́n sì dójú ti arúgbó ní gbangba. Bàbá náà kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891, Òyìnbó ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 2014, nínú ilé ìsìn Canterbury kan náà, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Justin Welby dìde, ó sì tọrọ àforíjì fún ohun tí ìjọ ṣe sí Crowther. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọmọ ẹrú lò kí ó tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọwọ́ tí òun gbé sókè kò dára. Ìjọ lo ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́fà. Gbogbo àwọn tí ìbá gbọ́ àforíjì náà ti kú.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo bẹ̀ yín. Bí ẹnì kan bá wà tí ẹ gbá lórí nígbà tí kò lè gbèjà ara rẹ̀, ìbáà ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ìbáà ṣe àbúrò tàbí òṣìṣẹ́ ìjọ, tí ó sì ṣì wà láàyè, ẹ lọ bá a lọ́la.