Níbo Lọmọ Yìí Ti Sọnù? Ọjọ́ Kan Pẹ̀lú Tíṣà Ìṣirò

Bí ẹ bá ń gbọ́ wa nínú ọkọ̀, ẹ kú ìrìn. Bó bá jẹ́ pé kíkà lẹ̀ ń kà á nítorí dátà, ẹ kú ọgbọ́n, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe WAEC, D7 ni mo gbà nínú ìṣirò. Gbogbo ìyókù ló dáa. D7 kan ṣoṣo yẹn ló dá mi jókòó sílé fún ọdún kan gbáko, torí ẹ̀yin náà mọ̀ pé nígbà yẹn, bí kò bá sí kírẹ́díìtì nínú ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ yunifásítì kì í dá èèyàn lóhùn. C6 ni kírẹ́díìtì tó kéré jù. Bí ẹ bá wò ó, C6 àti D7 ò jìnnà síra wọn rárá, ṣùgbọ́n ọdún kan ló wà láàárín wọn nínú ayé tèmi.

Ẹni tó yọ mí nínú ọ̀fìn yẹn ni àǹtí mi. Tíṣà ìṣirò ni wọ́n, ilé ìwé girama ìjọba kan níbí ní Ìbàdàn ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Láìpẹ́ yìí mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n tẹ̀ lé wọn lọ síbi iṣẹ́ fún ọjọ́ kan, láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Wọ́n ní, "Kí lo fẹ́ lọ wò níbẹ̀? Ṣé o ò rí ṣọ́ọ̀kì rí ni?" Ṣùgbọ́n wọ́n gbà. Ọ̀gá ilé ìwé náà gbà, pẹ̀lú àdéhùn pé mi ò ní gba ohùn ọmọ kankan sílẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ilé ìwé. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan yìí, èmi nìkan lẹ máa gbọ́.

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni àǹtí mi jí. Wọ́n wẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn méjèèjì, wọ́n bu oúnjẹ sínú kúlà. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a ti wà lójú títì, à ń dúró de máíkírà tó ń lọ sí Mọ́kọ́lá. Inú ọkọ̀ yẹn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í máàkì. Mi ò ṣeré o. Wọ́n gbé ìwé lé itan, bírò pupa wà lọ́wọ́. Bí dírẹ́bà bá dúró kó èrò, wọ́n á máàkì ìlà méjì. Bó bá fẹ́ já sí kòtò, wọ́n á gbé bírò sókè. Bàbá kan tó jókòó tì wá wo ìwé náà, ó ní, "Ìṣirò! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ n rí i mọ́." Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Àǹtí mi náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kò sí ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í gbọ́ irú ẹ̀.

Kíláàsì àkọ́kọ́, SS2 ni. Àádọ́rin ọmọ ló wà nínú ìwé orúkọ, 68 ló wá lọ́jọ́ náà. Mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ṣe fún ẹni méjì. Ìṣẹ́jú 40 ni pírẹ́ọ̀dù kan. Èmi tí mo jókòó sẹ́yìn, mo fa fóònù yọ, mo ṣírò ó: ká ní àǹtí mi ò kọ nǹkan kan sójú bọ́ọ̀dù rárá, ká ní ńṣe ni wọ́n kàn ń lọ bá àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú àáyá 35 ló máa kan ọmọ kan. Fídíò TikTok kan lè gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Simultaneous equation ni wọ́n ń ṣe. Ọmọbìnrin kan jáde síwájú. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó ń bá a bọ̀, àfi ìgbà tó dé ibi tó ti yẹ kó ro ìlàjì pọ̀ mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta. Ó kọ ọ́ báyìí: 1/2 + 1/3 = 2/5. Àwọn kan ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ náà ti fẹ́ sá padà sí àyè rẹ̀.

Àǹtí mi ò sọ pé kò gbà á. Wọ́n bi í pé, "Tí mo bá fún ẹ ní ìlàjì búrẹ́dì, tí mo tún gé ìdá kan nínú mẹ́ta búrẹ́dì mìíràn kún un, ṣé búrẹ́dì ẹ pọ̀ sí i ni àbí ó dín kù?"

"Ó pọ̀ sí i, mà."

"Ó dáa. Ìdá méjì nínú márùn-ún tó o kọ yìí, ṣé ó tó ìlàjì?"

Ọmọ náà dákẹ́. Ó na ìka ọwọ́ rẹ̀ márààrún, ó ká mẹ́ta kò, ó wo méjì tó kù. "Kò tó, mà."

"Ta ló wá jẹ búrẹ́dì ẹ?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ pa ohun tó kọ rẹ́.

Nígbà tí pírẹ́ọ̀dù parí, àǹtí mi pè é sí kọ̀rọ̀. Wọ́n bi í pé níbo ló wà nígbà tí wọ́n kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní fraction. Ó ní primary 4 ni, ṣùgbọ́n ọdún yẹn ni wọ́n lé bàbá òun kúrò nílé tí wọ́n ń gbé, òun ò sì lọ sílé ìwé fún bíi táàmù kan.

Àǹtí mi yíjú sí mi. "Ṣé o gbọ́? SS2 ló jókòó sí, ṣùgbọ́n primary 4 ló ti sọnù. Ọdún méje ló ti ń rìn kiri. Iṣẹ́ mi ò ju ìyẹn lọ: kí n wá ibi tí ọmọ ti sọnù."

Ẹ gbọ́ ná, ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí di alẹ́. Nínú iṣẹ́ mìíràn, bí o ò bá gbọ́ ti ọ̀sẹ̀ kan, o lè gbọ́ ti ọ̀sẹ̀ kejì. Ìṣirò ò rí bẹ́ẹ̀. Orí fraction ni algebra jókòó lé, orí algebra ni gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe ní SS3 jókòó lé. Bí búlọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀ bá yẹ̀, ògiri òkè ló máa là, gbogbo èèyàn á sì máa bú ògiri òkè.

Kíláàsì kejì tún yàtọ̀. Èyí tó há wọn lọ́nà níbẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe ìṣirò. Àǹtí mi kọ ìbéèrè kan sójú bọ́ọ̀dù lédè Gẹ̀ẹ́sì: "Five less than twice a number is 45. Find the number." Ọ̀pọ̀ wọn kọ 5 − 2x = 45, torí five ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Àǹtí mi ní, "Ẹ pe 45 ní Yorùbá." Kíláàsì dákẹ́, ẹnì kan wá dáhùn lẹ́yìn pé, "Márùndínláàádọ́ta."

"Kí ló dín nínú kí ni?"

"Márùn-ún dín nínú àádọ́ta."

"Ṣé 5 − 50 lo máa kọ, àbí 50 − 5?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rí i lójú wọn bí ó ṣe yé wọn. Márùn-ún ni ẹnu kọ́kọ́ pè, ṣùgbọ́n àádọ́ta ni ọwọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ. Ìdáhùn rẹ̀ ni 2x − 5 = 45, x sì jẹ́ 25. Ohun tí ìyá àgbà ń ṣe lọ́jà látọdúnmọ́dún ni. Àádọ́ta fúnra rẹ̀, mẹ́wàá ló dín nínú ọgọ́ta. Ọgọ́ta sì ni ogún mẹ́ta.

Èyí rán mi létí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bàbátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1970. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà, títí kan ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì sì wà lọ́tọ̀ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ yẹn ò rẹ̀yìn, wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Nílé ìwé tí èmi lọ ńkọ́? Owó ìtanràn lo máa san bí wọ́n bá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹ.

SS3 ló kàn, lẹ́yìn ìsinmi. Ìwé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù já bọ́ láti àpò ọmọkùnrin kan. Géèmù mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ wọlé kó tó jẹ. Mo rò pé wọ́n máa fa ìwé náà ya ni. Rárá o. Wọ́n ní kí gbogbo kíláàsì dìde, àwọn 64. Wọ́n mú kọ́ìnì náírà kan tó ti pẹ́ jáde nínú pọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá rò pé iwájú ló máa ṣí sókè, kó gbé ọwọ́ lórí. Ẹni tó bá rò pé ẹ̀yìn ni, kó fi ọwọ́ sẹ́yìn. Ẹni tó bá ṣì í, kó jókòó.

Wọ́n ju kọ́ìnì lẹ́ẹ̀kan, 31 ló kù lórí ìdúró. Lẹ́ẹ̀kejì, 16. Lẹ́yìn náà, méje. Mẹ́rin. Méjì. Ọ̀kan. Wọ́n jù ú lẹ́ẹ̀keje, ẹnì kankan ò dúró mọ́.

"Méje péré nìyẹn," ni àǹtí mi wí. "Ìwé tìẹ, mẹ́wàá ni."

Wọ́n jọ ṣírò ó sójú bọ́ọ̀dù: ẹ̀ẹ̀kan nínú 1,024. Ọmọkùnrin náà ò gbà. Ó ní, "Ṣùgbọ́n mà, èmi mọ bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù kì í ṣe kọ́ìnì."

"Òótọ́ lo sọ. Jẹ́ ká ní o mọ̀ ọ́n gan-an, nínú géèmù mẹ́wàá, o máa ń mọ méje." Wọ́n ní kí ó fi 0.7 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ó tẹ kalikuletọ, ó tún un tẹ̀. 0.028. Kò tó ìgbà mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún.

Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Mi ò lè sọ fún yín pé ó ti jáwọ́ nínú tẹ́tẹ́. Ṣùgbọ́n ó ṣẹ́ ìwé náà, ó fi sínú ìwé ìṣirò rẹ̀, kò dá a padà sápò.

Nígbà tí ilé ìwé tú, mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Ìgbà yẹn gan-an ló bẹ̀rẹ̀. Kíláàsì mẹ́ta ni àǹtí mi ń kọ́. Bó bá jẹ́ àádọ́rin ọmọ ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ìwé 210 nìyẹn. Iṣẹ́ márùn-ún bá wà nínú ìwé kọ̀ọ̀kan, ìdáhùn 1,050. Bí wọ́n bá fi ìṣẹ́jú kan wo ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí 17 àti ààbọ̀. Mo bi wọ́n pé, kí ló dé tí wọn ò kàn wo ìdáhùn ìparí, kí wọ́n máàkì rẹ̀ lọ?

Wọ́n ní, "Tí mo bá wo ìparí nìkan, màá mọ̀ pé ó kùnà. Mi ò ní mọ ibi tó gbà kùnà."

Wọ́n wá fi ìwé kékeré kan hàn mí. Orúkọ àwọn ọmọ ló wà níbẹ̀, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti sọnù sì wà níwájú rẹ̀. Fraction. Minus. Gẹ̀ẹ́sì. Times table. Níwájú orúkọ ọmọ kan, "ebi" ni wọ́n kọ. Wọ́n ní bí ìṣirò bá bọ́ sí òwúrọ̀, ọmọ náà á gbìyànjú. Bó bá ti lé ní aago méjìlá, kò sí ohun tí wọ́n kọ tó máa wọlé sí i lórí. Wọ́n máa ń ra nǹkan fún un nígbà mìíràn. Nígbà mìíràn, kò sí lọ́wọ́ wọn.

Lálẹ́, nígbà tí wọ́n mú iná dé, àǹtí mi ṣí kọ̀ǹpútà. Mo rò pé lesson note ni. Fọ́ọ̀mù ni. Láti oṣù Kejì ọdún 2023 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣílẹ̀kùn fún àwọn tíṣà láti Nàìjíríà láti béèrè fún ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́ ti ọ̀dọ̀ wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní QTS. Àwọn tó ń kọ́ ìṣirò wà lára àwọn tí wọ́n ń wá. Gbogbo ìwé àǹtí mi ló ti pé, bọ́tìnì kan ló kù kí wọ́n tẹ̀.

Wọ́n ní, "Èmi náà léèyàn. Mo lọ́mọ. Owó tí mò ń gbà, ìwọ náà mọ̀ ọ́n."

Mo mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Ẹ lọ, àǹtí mi. Ẹ̀tọ́ yín ni."

Wọ́n gbé ọwọ́ lé ìwé kékeré yẹn. "Ta ni màá gbé èyí fún?"

Mi ò rí nǹkan sọ, torí orúkọ tèmi ti wà nínú irú ìwé yẹn rí. Lọ́dún D7 yẹn, wọn ò fi past question bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mi. Iṣẹ́ JSS1 ni wọ́n fún mi, inú bí mi, mo rò pé wọ́n ń fojú tín-ínrín mi ni. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n rí i: bí minus bá wà níwájú bracket, èmi kì í yí àmì inú rẹ̀ padà. Gbogbo −(x − 3) ni mò ń kọ ní −x − 3, láti JSS2. Ọdún mẹ́rin, ẹnì kan ò rí i, torí nínú èrò àádọ́rin, ta ló fẹ́ rí i? Nígbà tí mo tún WAEC ṣe, C4 ni mo gbà.

Títí di àkókò tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, àǹtí mi ò tíì fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́. Wọn ò sì tíì pa á rẹ́. Bí wọ́n bá lọ, èmi ni màá gbé báàgì wọn dé pápákọ̀ òfuurufú, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀. Tíṣà kan ò lè máa fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ gbé ohun tó yẹ kí ìjọba fi tíṣà mẹ́ta gbé.

Ṣùgbọ́n èmi àti ẹ̀yin náà ní ohun tá a lè ṣe. Bí àbúrò yín bá gbé ìṣirò wá lálẹ́ òní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní olórí kunkun. Ẹ bi í pé: "Ibo ló ti yé ẹ gbẹ̀yìn?" Ẹ jọ padà síbẹ̀, kódà bó bá jẹ́ ìwé primary 4 ni. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, ó ju ìṣẹ́jú àáyá 35 lọ.

Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, ẹ sọ fún wa ibi tí ìṣirò ti já yín sílẹ̀ àti ẹni tó padà wá yín. Bí tíṣà náà bá ṣì wà láyé, ẹ pè é kẹ́ ẹ tó pè wá.

Ó dìgbà o.