Onílé àti Ayálégbé: Ọ̀rọ̀ tí a bá Ẹgbẹ́ sọ ní Ògèrè



Láti ìgbà tí ọ̀nà ńlá Èkó sí Ìbàdàn ti là ní 1978, àlejò kò wọ́n wa mọ́: awakọ̀, oníṣòwò, òṣìṣẹ́. Wọ́n ń háyà ilé lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n bí owó ilé bá ti wọ́, onílé mìíràn a yọ ilẹ̀kùn, òmíràn a ká páànù orí ilé, a sì ní bí àwọn baba wa ti í ṣe é nìyẹn.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àlejò tí ó tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí a máa san ìṣákọ́lẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń san án, tí ó sì gbà pé onílẹ̀ ni ó ni ilẹ̀, a kì í lé e. Bí ó bá sẹ́ onílẹ̀, tàbí tí ó ta ilẹ̀ náà, ó pàdánù rẹ̀. Síbẹ̀ olórí ẹbí ni yóò pè é, àwọn àgbà yóò sì gbọ́ tẹnu rẹ̀ ná.

Ipá kì í sì í parí ọ̀ràn ilẹ̀. Ní 1909 ìjọba tú àwọn ará Modákẹ́kẹ́ ká kúrò ní Ifẹ̀. Láti 1922 wọ́n ti ń padà, ìjà ìṣákọ́lẹ̀ sì tún ru ní àwọn ọdún 1940.

Ní ti ilé gbígbé, láti 1945 ni òfin ti la ọ̀nà sílẹ̀. Ní Èkó, òfin 2011 fún ẹni tí ń san owó oṣooṣù ní ìkìlọ̀ oṣù 1, ẹni tí ń san ti ọdọọdún ní oṣù 6, bí àdéhùn mìíràn kò bá sí. Lẹ́yìn náà ìwé ọjọ́ 7, kí a tó lọ sí kóòtù. Alóṣooṣù tí ó jẹ gbèsè oṣù 6, kóòtù yóò gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ipá lé ayálégbé jáde, òun ni ọ̀daràn.

Ẹjọ́ a máa pẹ́, a mọ̀. Ìyá opó tí ń fi owó yàrá méjì jẹun, tí alágídí kan jókòó sínú rẹ̀ láìsanwó, kò lè fi sùúrù se ọbẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni a ṣe ń bẹ onílé gbogbo pé kí wọ́n kọ àdéhùn sílẹ̀, kí wọ́n sì máa fúnni ní rìsíìtì. Ẹni tí kò ní ìwé lọ́wọ́, kí ni yóò fi han adájọ́?

A sì bẹ Ẹgbẹ́ yìí kí ó yan àgbà mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ àlejò, tí yóò máa gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan lóṣù.