Orúkọ Ìyá Kò Sí Nínú Káàdì Ọmọ



Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn òbí wa fẹ́ràn láti máa sọ: "Ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ó ní káàdì ìlera." Lóòótọ́ ló ní i. Ta ni káàdì ọ̀hún kà mọ́ ọn? Nínú ètò adójútòfò ìlera àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀, ọkọ tàbí aya rẹ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Ó tán. Ìyá tó bí òṣìṣẹ́ náà kò sí níbẹ̀, àfi bí ọmọ bá san owó mìíràn lé e. Ẹni tó ṣe ètò yẹn kò mọ ohun tí àwa ń pè ní ẹbí, ṣùgbọ́n n kò wá síbí láti bú u.

Ohun tí mo wá sọ ni pé àgbàlagbà gbọ́dọ̀ ní orúkọ tirẹ̀ nínú ìwé adójútòfò. Òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ó ní kí àpò owó kan wà fún àwọn tí agbára wọn kò gbé e, ó sì dárúkọ àwọn arúgbó mọ́ aboyún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, àwọn tó ní ìpèníjà ara tàbí ti ọpọlọ, àti aláìní. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́, ta ni arúgbó? Òfin náà kò dárúkọ iye ọdún kankan. Ní Gánà, ẹni tó bá ti pé 70 kì í san owó adójútòfò ìlera mọ́; ọjọ́ orí rẹ̀ ti tó ẹ̀rí. Kí àwọn aṣojú wa ní Ìlọrin àti Àbújá dáhùn èyí kí wọ́n tó tún wá tọrọ ìbò.

Ní ìpínlẹ̀ wa, Àjọ Adójútòfò Ìlera Ìpínlẹ̀ Kwara ló ń bójú tó ètò yìí. Àwọn kan wà tí ìjọba ń san owó tiwọn, láti inú owó ìtọ́jú ìpìlẹ̀ tí òfin ìlera 2014 là kalẹ̀; ilé ìwòsàn alábọ́dé wọ́ọ̀dù wọn ni wọ́n ti ń gba ìtọ́jú. Àwọn yòókù ń san án fúnra wọn, tàbí kí ọmọ san án fún wọn. Ẹni tó bá fẹ̀yìn tì kó tètè béèrè ipò tí káàdì rẹ̀ wà, torí orí owó oṣù ni owó ètò òṣìṣẹ́ ti ń jáde.

Àwọn bàbá kan á ní, "Mo san owó, n kò ṣàìsàn, owó mi dà?" Kì í ṣe èésú, bàbá. Nínú èésú, owó rẹ ni wàá kó. Níbí, owó ẹni tí ara rẹ̀ le ní ọdún yìí ló ń tọ́jú ẹni tó dùbúlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wọ̀ ọ́ kí àìsàn tó dé.

Kwara kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ nípa adójútòfò ìlera. Ní 2007 ni ètò adójútòfò ìlera tí wọ́n ń pè ní Hygeia bẹ̀rẹ̀ ní Shonga, pẹ̀lú ìrànwọ́ owó láti ilẹ̀ Hóláńdì, ó sì dé Afọ̀n lẹ́yìn náà. Àwọn olùwádìí wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn àgbà ibẹ̀. Èsì wọn jáde ní 2014. Níbi tí ètò náà dé, nọ́ńbà òkè fi bí 10 wálẹ̀. Níbi tí kò dé, bí 5 péré. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo, oògùn rẹ̀ kì í sì í tán lẹ́nu ẹni. Owó oògùn oṣooṣù yẹn ló ń jẹ àwọn ìyá wa lápò ju iṣẹ́ abẹ lọ.

Ẹ̀yin ọmọ tó wà ní Èkó àti Ìlọrin, ẹ má fi orúkọ ìyá sí ọsibítù tó súnmọ́ yín. Ìlọ́fà nílé níbí ló ń gbé. Ibẹ̀ ni kí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ilé ìwòsàn tó yàn ni yóò kọ ìwé bí ọ̀rọ̀ bá di ti ọsibítù ńlá. Ẹ béèrè oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti àtọ̀gbẹ tó wà nínú ètò náà, kí ẹ tó sanwó. Ẹ̀yin ará Ẹrúkú àti Kọ́rọ̀ tó ti mọ́ lára láti lọ sí ọsibítù ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀, Kogi ni Ẹ̀gbẹ̀ wà: ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ń gba káàdì Kwara níbẹ̀, kí ẹ tó gbé aláìsàn sínú mọ́tò.