Ọ̀gá Tó Mọ Ènìyàn Lò

Ẹ̀yin ará, olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ wa ní Ajah, òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ ń dá òun náà dúró. Bó bá pẹ́, ọ̀gá kan á bú u lójú ọmọ. Òmíràn á pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́, á bi í léèrè. Ta ni yóò fi ọkàn ṣiṣẹ́ fún? Àwa tí fóómàn ti bú rí mọ ìdáhùn.

Ọ̀gá ilé-ìwé ni Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, òun náà ni ààrẹ àkọ́kọ́ Ẹgbẹ́ Olùkọ́ Nàìjíríà ní 1931. Ipò ọ̀gá kò ní kó kẹ̀yìn sí olùkọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní ìpàdé òbí àti olùkọ́: olùkọ́ tí ọ̀gá bá bú lójú ọmọ, ọmọ kò ní bọ̀wọ̀ fún un mọ́. Ọmọ wa ni yóò pàdánù.